Oògùn àìsàn òkè gíga: àwọn ìbéèrè tí ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ń bi wá ní fámásì

Ilẹ̀ tiwa níbí ò ga. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù, kódà kẹ́ẹ gba Ìkẹ́nnẹ́ já sí Ìlíṣàn, kò síbi téèyàn ti máa wá èémí tì torí pé ilẹ̀ ga. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù wa tó ní òun àti regbẹ́rẹgbẹ́ òun ń lọ gun Kilimanjárò, tàbí tó jẹ́ pé iṣẹ́ ló fẹ́ gbé e lọ Bòlífíà, kì í mọ ohun tó fẹ́ béèrè, á kàn ní "Àǹtí, ẹ fún mi lóògùn òkè". Mo ti kó èyí tí wọ́n ń béèrè jù síbí. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ẹ fi sọ́kàn bẹ́ẹ ṣe ń kà á: gbogbo oògùn tí mo máa dárúkọ yìí ló wà nígboro Ìjẹ̀bú, kò sí àjèjì níbẹ̀, ẹ ti mọ̀ wọ́n, iṣẹ́ míì lẹ kàn fi mọ̀ wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń wá, torí ẹni tó bá ti rò pé òun mọ oògùn kì í béèrè bí wọ́n ṣe ń lò ó mọ́.

Kí ló ń ṣe èèyàn lórí òkè gan-an? Ṣé kì í ṣe pé ó kàn rẹ̀ wọ́n ni?

Rárá o. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ àti ti Ìjẹ̀bú, ìkan náà ni, nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 21 ni ọ́síjìn níbi gbogbo. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ṣe ń ga ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i, ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tẹ́ẹ bá mí sínú, ọ́síjìn tó ń wọlé ń dín kù. Ní ṣóńṣó Kilimanjárò tó jẹ́ 5,895 mítà, ohun tẹ́ẹ máa rí mí ò ju nǹkan bí ìdajì èyí tẹ́ẹ máa rí létí òkun. Ara lè mọ́ ọn o, ó kàn fẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni, ẹni tó bá sáré gun òkè lára rẹ̀ ò ní tíì múra.

Láti bíi 2,500 mítà lọ sókè ló ti máa ń mú èèyàn. Orí á máa fọ́, oúnjẹ ò ní wuni, inú á máa rú, òòyì á máa kọ́ni, oorun ò ní lọ geere. Kì í dé lójú ẹsẹ̀, wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tẹ́ẹ débẹ̀ ni, nígbà míì ó di òru ọjọ́ yẹn. Tẹ́ẹ bá dúró sójú kan tẹ́ ò gùn sí i, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Kékeré nìyẹn. Ńlá rẹ̀ méjì ló wà tó ń pa èèyàn, ọ̀kan ni kí ọpọlọ wú, ìkejì ni kí omi wọ ẹ̀dọ̀fóró, mo máa padà sórí ẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ má rò pé alágbára ò lè ní in. Ẹni tó ń gun ẹṣin ní Ojúde Ọba tí gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún àti ẹni tó ń jókòó sọ́fíìsì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò mọ èwo nínú wọn lòun máa mú. Alágbára ló tiẹ̀ máa ń yára gùn jù, ìyẹn ló sì ń kó bá a.

Addis ni mo fẹ́ sùn mọ́jú nítorí bàálù, ṣé kí n lo nǹkan kan?

Ẹ má lo nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ń gba Addis Ababa kọjá. Ìlú yẹn ga tó nǹkan bí 2,350 mítà, ẹ lè mí gúlegúle tẹ́ẹ bá gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn, orí lè wúwo díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀. Òkè Sínáì tí àwọn tó ń lọ Jerúsálẹ́mù máa ń fẹ́ gùn, 2,285 mítà ni, ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Chappal Waddi tó ga jù lọ ní Nàìjíríà pátá, ní Tàràbà lọ́hùn-ún, 2,419 mítà ni. Òkè Ìdànrè? Ẹ gbé omi dání, ó parí.

Ibi tó yẹ kẹ́ẹ ti ronú oògùn ni Kilimanjárò, òkè Kenya (5,199 mítà), Cusco ní Perú, Lhasa ní Tíbẹ́ẹ̀tì, àti ọ̀nà Everest ní Nẹpáàlì. La Paz ní Bòlífíà ló le jù fún ẹni tó wọ bàálù lọ, torí pápákọ̀ òfuurufú wọn ní El Alto ga ju 4,000 mítà lọ, ẹ máa kúrò ní Èkó tó wà létí òkun, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa já sáàárín afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ láìrin ẹsẹ̀ bàtà kankan.

Oògùn wo wá ni wọ́n ń lò jù?

Acetazolamide. Diamox lorúkọ tẹ́ẹ mọ̀. Ẹ ti máa rí i lọ́wọ́ àwọn màmá tó ní gílọ́kómà, torí ó ń dín omi tó ń ti ẹyinjú wọn kù. Bó ṣe di oògùn òkè nìyí, ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé ẹ̀ torí ó dùn mọ́ mi. Tí ọ́síjìn bá kéré, ara á fẹ́ máa mí kíákíá kó lè rí tó, àmọ́ mímí kíákíá yẹn ń jẹ́ kí ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ dín kù, ọpọlọ á wá ní ó ti tó, ẹ rọra máa mí, ló bá di pé èémí ò tó mọ́, àgàgà lóru, èèyàn á sùn, èémí á dúró díẹ̀, á ta jí, á tún sùn. Diamox á lọ bá kídìnrín pé kó máa da báíkábọ́nétì, ìyẹn ohun tó ń pa agbára ásíìdì, sínú ìtọ̀, ásíìdì á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á wá gbà kẹ́ẹ mí bó ṣe yẹ. Ohun tí ara máa fi ọjọ́ mélòó kan ṣe fúnra ẹ̀ náà ni, oògùn kàn bá a yá a ni. Ìdí tó fi jẹ́ ààyò mi nìyẹn: kì í bo àìsàn mọ́lẹ̀. Tórí yín ò bá fọ́ mọ́ nígbà tẹ́ẹ lo Diamox, ara yín ti ń mọ́ ọn lóòótọ́ ni.

Mélòó ni màá lò, ìgbà wo sì ni màá bẹ̀rẹ̀?

Àgbàlagbà tó fẹ́ fi dènà, 125 mg láàárọ̀, 125 mg lálẹ́. Hóró tẹ́ẹ máa rí rà níbí sábà máa ń jẹ́ 250 mg, ìdajì hóró nìyẹn, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ku ọ̀la tẹ́ẹ máa gun òkè, ìyẹn tó bá jẹ́ ọjọ́ Ajé lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí gùn, ẹ lo àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Tẹ́ẹ bá gbàgbé, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá ń gùn, ó ṣì máa ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ ìlú bíi La Paz lẹ dúró sí, ẹ lò ó fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn tẹ́ẹ débẹ̀, tó bá jẹ́ òkè lẹ ń gùn, ẹ máa lò ó títí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tí àìsàn ti mú, 250 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kó sì dúró síbi tó wà, kó má gùn sí i.

Ẹlòmíì á ní òun fẹ́ lo hóró méjì méjì kó lè "múlẹ̀ dáadáa". Kò ní múlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìtọ̀ àti ọwọ́ títa nìkan ló máa pọ̀ sí i. Ohun tí mo máa ń sọ fún oníbàárà mi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún ọjọ́ kan tàbí méjì nílé, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó rìn, tí ara wọn ò bá gbà á, ó sàn ká mọ̀ ọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde ju kó jẹ́ inú àgọ́ lórí òkè.

Mo lo Diamox, ọwọ́ àti ètè mi wá ń ta mí, ṣé kí n jù ú nù ni?

Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó wọ́pọ̀ gan-an, ọmọ ìka ọwọ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀, ètè, á máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Ẹ máa tọ̀ léraléra náà, nítorí náà ẹ má lo ti alẹ́ nígbà tẹ́ẹ bá ti fẹ́ wọ àpò ìsùn, ẹ lò ó nírọ̀lẹ́. Mínírà máa ń dùn mọ́ wọn lẹ́nu tẹ́lẹ̀, àmọ́ pẹ̀lú oògùn yìí Coke àti Fanta máa ń dà bí omi tó ti bà jẹ́ lẹ́nu, ìyẹn náà kì í ṣe àìsàn. Gbogbo ẹ̀ máa lọ tẹ́ẹ bá dá oògùn dúró.

Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni kí ara sú, kí ojú tàbí ètè wú, kí èémí há. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dá a dúró, ẹ wá dókítà.

Ara mi kì í gba Septrin àti Fansidar, ẹnìkan ní mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan Diamox láyé.

Ìbéèrè yìí pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, torí kò sílé tí wọn ò ti lo Fansidar rí. Ìdílé oògùn kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní sulfa, ni gbogbo wọn, àmọ́ ìbátan tó jìnnà ni Diamox jẹ́ sí àwọn tó kù, ọ̀pọ̀ ẹni tí Septrin ń yọ lẹ́nu díẹ̀ ló ń lo Diamox tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Tó bá jẹ́ pé ara kàn yún yín díẹ̀ nígbà yẹn, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀, ó lè ní kẹ́ẹ dán an wò níwájú òun. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé awọ ara bó, ẹnu bó, tàbí wọ́n gbé yín dìgbàdìgbà lọ ọsibítù, ẹ má dán an wò rárá, oògùn míì wà.

Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ò dáa tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bà jẹ́, kó má lò ó. Ẹni tí òkúta ti wà nínú kídìnrín rẹ̀ rí náà, kó kọ́kọ́ béèrè.

Dexa ńkọ́? Wọ́n ní òun ló lágbára jù.

Ó lágbára, lóòótọ́. Dexamethasone yìí la mọ̀ ní Ìjẹ̀bú gẹ́gẹ́ bí oògùn tí àwọn kan fi ń sanra, wọ́n á rà á mọ́ Periactin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, ìdí á yọ, wọ́n á ní ara ti dáa, wọn ò mọ̀ pé ó ń ba egungun jẹ́, ó ń gbé ṣúgà àti bíípì sókè. Inú mi kì í dùn tẹ́nìkan bá wọlé tó ní "dẹ́sà dà". Àmọ́ lórí òkè, ó wúlò gidi torí ó ń jẹ́ kí ọpọlọ tó wú fọn.

Ẹni tí Diamox ò bá lára mu lè fi í dènà, 4 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ tàbí 2 mg ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Tí orí bá ti ń fọ́ èèyàn gan-an tó ń bì, 4 mg ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Tí ọpọlọ ẹnìkan bá ti wú, tó ń rìn tàgétàgé, tó ń sọ kántankàntan, 8 mg lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà 4 mg ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kí wọ́n sì máa gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ka iye mg tó wà lára páálí o, torí hóró tó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 0.5 mg, mẹ́jọ ẹ̀ ló máa di 4 mg, ẹni tó lo ẹyọ kan tó rò pé òun ti lo oògùn, kò tíì lo nǹkan kan.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí Diamox nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí: dexa kì í jẹ́ kí òkè mọ́ni lára, àìsàn ló kàn ń bò mọ́lẹ̀. Ẹ máa lò ó, ara á dá pé, ẹ máa rò pé ẹ ti lè gùn sí i, ẹ máa gùn, lọ́jọ́ tó bá tán nínú ike, àìsàn á jáde pẹ̀lú agbára ní ibi tó tún ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà ẹ má fi dexa gun òkè nígbà tí ara bá ti ń ṣe yín. Ẹ fi sọ̀ kalẹ̀ ni. Ẹ má sì lò ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìsí dókítà níbẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé oògùn àwọn ọkùnrin, Viagra, wà nínú ẹ̀?

Ẹ̀yin ọkùnrin, mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Òótọ́ ni. Sildenafil àti tadalafil ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró, torí lórí òkè àwọn ọ̀nà yẹn máa ń fún pọ̀, ìyẹn ló ń ti omi wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ti ní omi nínú ẹ̀dọ̀fóró rí lórí òkè ni dókítà máa ń kọ irú oògùn yìí fún, kì í ṣe gbogbo èèyàn. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ jù ni nifedipine, oògùn bíípì tí àwọn bàbá wa ń lò, èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, 30 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ má fi eyín rún un, ẹ má gbé e sábẹ́ ahọ́n, bíípì á já wálẹ̀ gbì.

Ẹ má po nifedipine mọ́ Viagra láìjẹ́ pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn àyà tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n, kó má sún mọ́ Viagra rárá, lórí òkè àti nílẹ̀.

Orí tó ń fọ́ nìkan ló ń dà mí láàmú, ṣé Panadol tàbí Alábùkún ò lè ṣe é?

Panadol lè ṣe é, ìyẹn paracetamol, 1,000 mg lẹ́ẹ̀kan, ẹ má kọjá 4,000 mg lójúmọ́. Ibuprofen náà dáa, kódà wọ́n ti fi í dènà àìsàn òkè, 600 mg lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, àmọ́ kì í ṣe fún ẹni tó ní ọ́lsà tàbí tí kídìnrín rẹ̀ ń ṣe é. Alábùkún, mo mọ̀ pé kò sílé tí kò sí, àsípírìnì àti káféènì ló wà nínú ẹ̀, ẹ má pò ó mọ́ ibuprofen, inú máa ń ṣẹ̀jẹ̀, àsípírìnì tó bá pọ̀ sì ń bá Diamox jà. Ẹ mú ẹyọ kan nínú wọn.

Tẹ́ẹ bá lo Panadol tórí sàn, tó tún padà fọ́ tí inú sì ń rú, àìsàn òkè nìyẹn, ẹ má gùn lọ́jọ́ yẹn.

Ohun míì: ẹni tó ń jẹ obì lójoojúmọ́ tàbí tó ń mu kọfí láràárọ̀, tó bá dá a dúró ní ọjọ́ tó ń gun òkè, orí máa fọ́ ọ, àìsàn òkè kọ́, káféènì ló ń wá. Ẹ gbé obì yín dání.

Mo máa ń mọ̀ tí ibà bá fẹ́ mú mi, ṣé kì í ṣe ibà ni?

Àwa Yorùbá, orí fọ́, ibà ni. Ó rẹ̀ wá, ibà ni. Mi ò bú yín, èmi náà bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ lórí òkè, ẹni tó gbé oògùn ibà mì tó sì ń gùn lọ lè kú sí i. Àìsàn òkè kékeré kì í mú ara gbóná. Tí ara bá gbóná, ó lè jẹ́ ibà tẹ́ẹ gbé kúrò nílé torí ó máa ń sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ omi inú ẹ̀dọ̀fóró, torí ìyẹn náà lè mú ara lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ ra ẹ̀rọ tẹ́ẹ́sì ibà, èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún ìka, ẹyọ méjì, kò wúwo nínú àpò. Tẹ́ẹ bá wà lókè 2,500 mítà tórí ń fọ́ tí inú ń rú, ẹ gbà pé òkè ni, títí tẹ́ẹ máa fi rí ẹ̀rí pé nǹkan míì ni.

AS ni mí, ṣé mo lè lọ?

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ béèrè nìyí, àwọn tó ń bi mí ò sì pọ̀ rárá, ó ń yà mí lẹ́nu.

Ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Ọ́síjìn kíkéré gan-an ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yẹn ká kọ́rọ́, tí kírísísì fi ń dé, kò sí oògùn òkè kankan tó ń dènà ẹ̀. AS yàtọ̀, ọ̀pọ̀ AS ló ń gun òkè gíga tí wọ́n ń padà wálé láìsí wàhálà. Àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn AS kan pé ọlọ inú wọn kú lápá kan nítorí ọ́síjìn ò tó. Àmì ẹ̀ ni ìrora tó le lábẹ́ egungun ìhà òsì, èyí tó lè dé èjìká òsì, pẹ̀lú inú rírú. Ẹ má pè é ní inú kíkún. Ẹ má lo oògùn ìrora kẹ́ẹ máa lọ. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ sì sọ fún dókítà ibẹ̀ pé AS ni yín torí ó lè má wá sí i lọ́kàn. Kẹ́ẹ tó kúrò nílé náà, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó máa mú yín gòkè.

Tẹ́ ò bá mọ jínótáìpù yín, ọsibítù ìjọba tàbí láàbù tó dáa ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má sọ pé ọmọ mẹ́rin lẹ ti bí, kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe.

Mo ní bíípì, ọkọ mi ní ṣúgà.

Ẹ máa lo oògùn bíípì yín lọ, bíípì lè ga díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àmọ́ tẹ́ẹ bá ń lo èyí tó ń mú èèyàn tọ̀, bíi Moduretic, tẹ́ẹ tún wá fi Diamox lé e, omi àti iyọ̀ ara lè lọ jù, dókítà ló máa tò ó. Bàbá tó ní ṣúgà, dexa máa gbé ṣúgà wọn sókè gan-an, Diamox ló dáa jù fún wọn, tí kídìnrín bá dáa. Kí wọ́n tọ́jú ẹ̀rọ ṣúgà wọn sínú aṣọ torí òtútù máa ń jẹ́ kó parọ́.

Aboyún, ẹ bímọ ná. Òkè ò ní sá lọ.

Ọmọdé ńkọ́?

Ìwọ̀n ara la fi ń ṣírò Diamox tiwọn, 2.5 mg fún kílò kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kó má ju 125 mg lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí dókítà ọmọdé ló kọ ọ́. Ọmọ kékeré tí kò lè sọ pé orí ń fọ́ òun, ẹ wo bó ṣe ń jẹun àti bó ṣe ń ṣeré, tó bá ń ké láìnídìí, ẹ gbà pé òkè ni.

Oorun ò lọ, ṣé kí n lo Valium tàbí Lexotan?

Rárá. Wọ́n ń dín èémí kù, èémí lẹ sì ń wá. Tramadol, omi ikọ́ tó ní kódéìnì, paraga, ògógóró, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé òtútù máa mú yín, pé ẹ máa fẹ́ fi nǹkan gbígbóná ra ara, ẹ mu tíì. Diamox fúnra ẹ̀ ń ran oorun lọ́wọ́ lórí òkè.

Àgbo ńkọ́? Atalẹ̀, orógbó?

Atalẹ̀ dáa fún inú rírú, ẹ mu ún. Orógbó ò ní pa yín lára, kò ní wò yín náà. Àgbo inú ike tẹ́ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ nílé.

Ní Perú àti Bòlífíà, wọ́n máa fún yín ní tíì ewé kóká ní hòtẹ́ẹ̀lì gẹ́gẹ́ bí omi. Kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń dènà àìsàn òkè. Ó sì máa jáde nínú ìtọ̀ yín bíi kokéènì tí ibi iṣẹ́ bá ṣe àyẹ̀wò. Ẹ má dì í sínú ẹrù wá sílé o, NDLEA ò ní gbọ́ pé tíì ni.

Tí mo bá ti ní gbogbo oògùn, ṣé mo lè gba ọ̀nà tó yá jù?

Ẹ wo Marangu, ọ̀kan nínú ọ̀nà Kilimanjárò. Alẹ́ àkọ́kọ́ ní Mandara, nǹkan bí 2,700 mítà, alẹ́ kejì ní Horombo, nǹkan bí 3,700, alẹ́ kẹta ní Kibo, nǹkan bí 4,700, òru yẹn náà ni wọ́n á jí yín pé ẹ jẹ́ ká lọ ṣóńṣó. Òfin tí àwọn dókítà òkè ń tẹ̀ lé ni pé lẹ́yìn 3,000 mítà, kí ibi tẹ́ẹ máa sùn má fi ju 500 mítà lọ ga ju ti àná, kẹ́ẹ sì fi ọjọ́ kan sinmi ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìlọ́po méjì ni ti Marangu ọlọ́jọ́ márùn-ún yẹn. Ẹ san owó ọjọ́ kan kún un, kẹ́ẹ sùn lẹ́ẹ̀mejì ní Horombo, tàbí ẹ gba Lemosho ọlọ́jọ́ mẹ́jọ. Èèyàn Ìjẹ̀bú ni wá, mo mọ bówó ṣe ń ká wa lára, àmọ́ ọjọ́ kan yẹn lágbára ju gbogbo hóró tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi lọ. Àwọn tó ń mú yín gòkè á máa pariwo "pole pole", ìyẹn rọra rọra, ẹ gbọ́ tiwọn.

Ìgbà wo ni oògùn ò tó mọ́?

Tẹ́nìkan ò bá lè rìn tààrà, tẹ́ẹ ní kó gbé gìgísẹ̀ kan síwájú ìka ẹsẹ̀ kejì lórí ìlà tó ń yẹ̀ síhìn-ín yẹ̀ sọ́hùn-ún. Tó ń sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Tó ń mí gúlegúle nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń wúkọ́, tí itọ́ ń hó tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ti ẹ̀dọ̀fóró sábà máa ń dé ní alẹ́ kejì sí ìkẹrin. Ẹ má dúró dọjọ́ kejì, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú àgọ́ lóun nìkan, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lóru yẹn, 300 mítà sí 1,000 mítà, títí tára á fi yá. Ẹ fún un lọ́síjìn tó bá wà. Ẹ fún un ní dexa tó bá jẹ́ ọpọlọ, nifedipine tó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tí kò sì sí ọ́síjìn, àmọ́ kí ẹsẹ̀ máa lọ nísàlẹ̀ bẹ́ẹ ṣe ń fún un.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há sí ìka láti fi ka ọ́síjìn, ó wúlò díẹ̀, àmọ́ lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ó máa ń ka iye tó ga ju òótọ́ lọ nígbà míì. Tó bá ní ẹ dáa, tí ara yín ní ẹ ò dáa, ara yín lẹ máa gbà gbọ́.

Níbo ni kí n ti rà á?

Ní fámásì tó ní ojúlówó onímọ̀ oògùn níbẹ̀. Ẹ má rà á nínú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Ṣàgámù, kó dà bó ṣe lè mọ ọ̀rọ̀ sọ tó. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bà jẹ́. Ẹ gba ìwé dókítà fún Diamox, dexa àti nifedipine, ẹ mú ìwé yẹn dání, ẹ fi oògùn sílẹ̀ nínú páálí ẹ̀, kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù níbòmíì má baà máa bi yín léèrè hóró funfun inú ọ̀rá.

Eré ìje ni mò ń sá, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lo Diamox kí n tó lọ tréènì ní Kẹ́ńyà.

Má lò ó. Diamox wà nínú oògùn tí wọ́n fòfin dè fún eléré ìdárayá nígbà gbogbo, torí oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ ni, dexa tí wọ́n ń gbé mì náà kò bófin mu lákòókò ìdíje. Iten tí àwọn ará Kẹ́ńyà ti ń tréènì, nǹkan bí 2,400 mítà ni, o ò nílò nǹkan kan. Ṣáà rọra sáré ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó o sì sọ fún kóòṣì tó o bá rí i pé orí ń fọ́ ẹ.